Àmọ̀dá Sẹ́ṣọ̀n àti Ìbò Kan Ṣoṣo

Àìsàn tó ń ṣe Àmọ̀dá, kò sí oògùn rẹ̀ ní kẹ́míìsì kankan láti Joju títí dé Itele. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe làkúrègbé. Òfin ni! Àwọn adájọ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kàwé òfin ń ṣe jẹ́jẹ́ tiwọn. Àmọ̀dá tí kò kà á rárá ni òfin ń gùn bí ẹni gẹṣin.

Bí àwọn méjì bá ń jà nídìí ẹ̀rọ omi lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, Àmọ̀dá á ti na ìka sókè: "Ẹ dákẹ́! Kí ni òfin wí?" Bí Àdìzát ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò, á ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi, àfi bí ẹjọ́ náà bá dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Kó tó débẹ̀, ẹran ti dà.

Ọdún ìdìbò kan ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní kó wá ṣe aṣojú àwọn níbùdó ìdìbò ní Joju. Aṣojú! Iṣẹ́ náà kò ju kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ sójú olùdìbò, kó sì jẹ búrẹ́dì tí wọ́n bá gbé wá. Ṣùgbọ́n káàdì aṣojú tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn lọ́jọ́ náà, kò bọ́ ọ mọ́. Ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́mọ́mù pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àmọ̀dá, ṣé ìbò la fẹ́ dì nínú mọ́sálásí ni, kí n lọ múra?"

Látìgbà náà ni kò ti lè sọ gbólóhùn méjì kó má pe sẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ẹsẹ òfin. "Sẹ́ṣọ̀n báyìí sọ pé... Sẹ́ṣọ̀n tọ̀hún ní kò gbọdọ̀..." Nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n tó bá pè láàárọ̀ kì í ṣe èyí tó máa pè lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ wò ó nínú ìwé? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di Àmọ̀dá Sẹ́ṣọ̀n.

Ilé iṣẹ́ kan ní Sango Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń yọ àga. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ẹ̀rọ náà: bí ọ̀kan bá ti gbá ẹ mú, kò ní tú ẹ sílẹ̀ àfi bó bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

Ẹ bi Sirajudeen. Sirajudeen pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan, Máníjà ní kó lọ jókòó sílé di ọjọ́ kejì. Àmọ̀dá ní irọ́ ni, òun á bá a bẹ̀bẹ̀. Ó wọ ọ́fíìsì lọ, ó gbé káàdì ọrùn rẹ̀ sọ́wọ́, ó ní:

"Ọ̀gá, ẹ ò tẹ̀lé òfin o! Òfin ilé iṣẹ́ yìí sọ pé ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kó fi jókòó sílé. Níbo lẹ ti rí ọjọ́ kan?"

Máníjà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ní òun ò tiẹ̀ rántí pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Sirajudeen fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jókòó sílé. Àmọ̀dá ń yan jáde ní tiẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Òfin borí!" Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí a bá rán Àmọ̀dá níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀, ẹjọ́ ló máa fi jẹ́.

Ó wá kù díẹ̀ kí Bàbá Ògúntóyè fẹ̀yìn tì. Bàbá yìí ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà láti ayébáyé, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sì ń dúró dè é ní Alapoti. Wọ́n gbọ́dọ̀ yan ẹlòmíì.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ eré o. Bọ́ọ̀sì tó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Itele àti Alapoti ti dákú láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, Máníjà kò sì rí i tún ṣe. Ọ̀kadà ni gbogbo wọn ń gùn. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Itele lásìkò òjò: bí kò bá sí ọ̀kadà, ẹ wá ọkọ̀ ojú omi. Bíọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ ní sítọ̀, pẹ̀lú oyún nínú, ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́run ló yọ òun àti ọmọ. Nítorí náà, ẹni tó bá di alága, ọ̀dọ̀ Máníjà ló ń lọ tààrà, bọ́ọ̀sì ló sì gbọ́dọ̀ gbà bọ̀.

Àmọ̀dá jáde. Ta ló tún tó iṣẹ́ náà ṣe? Àwọn obìnrin ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kó bọ́kẹ́ẹ̀tì jọ fa Ruqoyah kalẹ̀. Ruqoyah ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá wọ ọ́fíìsì Máníjà lọ, kì í jáde lọ́wọ́ òfo. Ìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ ò rí ẹlòmíì ni?"

Àmọ̀dá fi ẹ̀rín pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ.

"Kàdírì, ọ̀rẹ́ mi, báwo ni?"

"Sẹ́ṣọ̀n! Mo wà lẹ́yìn ẹ digbí!"

"Sirajudeen ńkọ́?"

"Ha, Bọ̀ọ̀dá Àmọ̀dá, lẹ́yìn gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi? Ẹ̀yìn yín ni mo wà!"

Kódà Láwàlì, olùṣọ́ ẹnu géètì, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rárá nítorí pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà á síṣẹ́, ó kí i bíi sójà: "Àláájì Sẹ́ṣọ̀n, lẹ́yìn yín gbágbágbá!"

Àmọ̀dá délé, inú rẹ̀ dùn dé etí. Ó bá Àdìzát lórí àpótí ìdìrun, ó ń di orí oníbàárà lọ́wọ́.

"Gbogbo wọn ló wà lẹ́yìn mi."

Àdìzát kò gbójú sókè. "Báwo lẹ ṣe máa dìbò náà?"

"Bàbá Ògúntóyè fẹ́ ká tò sẹ́yìn ẹni tá a bá fẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Mi ò ní gbà. Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni òfin mọ̀."

Ọwọ́ Àdìzát dúró sínú irun. "Bàbá Rauf, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún Bàbá. Bó bá jẹ́ títò ni, ojú á ti àwọn èèyàn yín láti fi yín sílẹ̀ lójú yín kòròkòrò. Wọ́n á tò sẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá mú wọn wọnú òkùnkùn, ẹ ò mọ ohun tọ́wọ́ wọn máa bà o."

Oníbàárà tó jókòó ní, "Òótọ́ ni Ìyá Rauf sọ."

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni Àmọ̀dá wí, "irun lẹ mọ̀, ẹ ò mọ òfin."

Lọ́jọ́ ìpàdé, Bàbá Ògúntóyè dìde. Ó ní kí Àmọ̀dá dúró sọ́tùn-ún, kí Ruqoyah dúró sósì, kí oníkálukú tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú, kí àwọn ka orí, kí àwọn lọ jẹun. Ojú gbogbo èèyàn fà ro. Kàdírì tiẹ̀ ti ń rọra fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ sápá ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá fi lè tò lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin èèyàn mi, Àmọ̀dá ti wọlé nìyẹn! Ta ló fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i, kó wá máa gbọ́ sẹ́ṣọ̀n títí tó fi máa fẹ̀yìn tì?

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí Àmọ̀dá bá fẹ́ ṣubú, á kọ́kọ́ tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀.

"Mo ta kò ó!" Ó ti gun orí àga. "Ọ̀nà mélòó là ń gbà dìbò láyé? Mẹ́ta! Títò, nínawọ́, àti ìbò ìkọ̀kọ̀. Títò, ti àwọn tó fẹ́ ra epo nígbà tí epo wọ́n ni. Nínawọ́, ti ọmọ iléèwé tó fẹ́ lọ tọ̀ ni. Ìbò ìkọ̀kọ̀ nìkan ni ti ọmọlúàbí! Kí ẹ wọlé ní ẹ̀yin nìkan, kí ẹnikẹ́ni má rí yín, kẹ́nikẹ́ni má sì lè bi yín títí ayé pé ta lẹ dìbò fún!"

Kàdírì bi í, "Títí ayé? Ìwọ alára ò ní lè bi wá?"

"Kò sẹ́ni tó lè bi yín! Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin!"

Àtẹ́wọ́ sọ! Àwọn kan fò sókè. Obìnrin kan ń dì mọ́ èkejì. Sirajudeen ń lu bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ìlù. Àmọ̀dá tẹ orí ba fún wọn, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn òfin tó báyìí.

"Àmọ̀dá," ni Bàbá Ògúntóyè wí, "kí la wá ń pè ní ìdìbò gan-an? Kó má di ìjà lọ́la."

Ìbéèrè tí Àmọ̀dá ti ń retí látọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i nìyẹn.

"Bàbá, ẹ ṣeun! Ìdìbò kì í ṣe ìpinnu ọkàn. Ìdìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kéèyàn tẹ̀ka sórí ìwé gan-an, kò tíì dìbò! Ìgbà tí ìwé tó o fi àtàǹpàkò ara ẹ tẹ̀ bá kúrò lọ́wọ́ ẹ, tó bọ́ sínú àpótí, ìgbà náà lo tó dìbò. Bó bá sì ti bọ́ sínú àpótí, ó parí. Ọba ò lè yọ ọ́. Ìjọba ò lè yọ ọ́. Ẹnì kan, ìbò kan! Sẹ́ṣọ̀n mọ́kànléláàádọ́rin!"

"Láàárọ̀, o ní sẹ́ṣọ̀n méjìlélógójì ni," ni Ruqoyah wí jẹ́ẹ́.

"Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni!"

Bàbá bi í lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Bí ikú, Bàbá."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dìbò, lábẹ́ àtíbàbà pápánù tí wọ́n ti máa ń jẹun. Wọ́n to àga ike léra wọn, wọ́n fi tapólì bò ó, ó di yàrá ìdìbò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí inú rẹ̀ ń hàn kedere ni àpótí, wọ́n lu ihò sí ọmọrí rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí ìwé, àmì sì wà níwájú wọn: bọ́kẹ́ẹ̀tì fún Ruqoyah, àga fún Àmọ̀dá. Bàbá Ògúntóyè buwọ́ lùwé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, ó sì fún oníkálukú ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá ba tirẹ̀ jẹ́, kò sí òmíràn fún un.

Àmọ̀dá dé nínú jalámíà funfun báláú, káàdì aṣojú lọ́rùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó tún nawọ́ sókè.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn èèyàn wa. Àwọn kan ò dìbò báyìí rí, wọ́n lè ba ìwé jẹ́."

"A mọ̀ ọ́n," ni Sirajudeen wí.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n!" Ó gbé ìwé tirẹ̀ sókè, ó yí i sọ́tùn-ún sósì kí gbogbo wọn rí i. "Ìwé rè é. Íǹkì rè é. Ẹ ó ti àtàǹpàkò bọ íǹkì, báyìí. Bí àpẹẹrẹ, ká ní ẹnì kan, tí orí rẹ̀ ò pé, fẹ́ dìbò fún bọ́kẹ́ẹ̀tì—"

"Kí ló dé tí o ò lo àga tìrẹ?" ni Kàdírì bi í.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n mú mi ni? Ìpolongo lọ́jọ́ ìdìbò! Òfin ò gbà á! Ẹ wò mí. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ síbí, gbìn-ín! Ẹ ó ká a báyìí, kí íǹkì má yọ̀. Ẹ ó sì wá fi ọwọ́ ara yín jù ú síbí."

Ìwé náà bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Pó!

Ike náà ń hàn kedere, gbogbo ojú sì wà lára ìwé kan ṣoṣo tó sùn sísàlẹ̀ rẹ̀.

"O ṣeun o, Àmọ̀dá," ni Ruqoyah wí.

Bàbá Ògúntóyè tẹ ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ dáadáa. "Ẹni àkọ́kọ́ ti dìbò. Ẹni kejì, ó yá."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé Àmọ̀dá. Ó fò mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Ẹ dúró! Àpẹẹrẹ ni! Bàbá, àpẹẹrẹ ni mo ṣe!"

"Ṣé àtàǹpàkò rẹ lo fi tẹ̀ ẹ́?"

"Òun ni, àmọ́—"

"Ṣé ó kúrò lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó kúrò, ṣùgbọ́n—"

"Ṣé ó bọ́ sínú àpótí?"

"Bàbá, ó bọ́ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi lọ́hùn-ún—"

Gbogbo èrò abẹ́ pápánù dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ilé kéwú: "ÌDÌBÒ KÌ Í ṢE ÌPINNU ỌKÀN!"

Ẹ rò ó wò. Kí ni kó ṣe? Bó bá yọ ìwé náà, òfin rẹ̀ kú. Bó bá fi sílẹ̀, ó ti dìbò fún ẹni tó ń bá a díje. Òógùn bò ó. Ó nu ojú, ó nu iwájú orí, ó wá fa ara rẹ̀ ga.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ìbò ẹyọ kan? Mo fi ṣe sàráà fún un ni. Kó má baà gba òdo níwájú àwọn ọmọ rẹ̀."

Ó padà lọ jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé íǹkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń nu òógùn ló ń kọ ilà, ọ̀tún mẹ́ta, òsì mẹ́ta, ọ̀kan gbọọrọ láàárín iwájú orí. Ẹni tó bá ti jáde lẹ́yìn tapólì, tó bá bojú wò ó, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á yára kọjá. Àmọ̀dá ń rẹ́rìn-ín padà sí wọn, ó ń mi orí. Ẹ wo bí inú àwọn èèyàn yìí ṣe dùn pé wọ́n dìbò fún mi!

Wọ́n dìbò tán. Wọ́n da bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Bíọ́lá ló ń pè é, Bàbá Ògúntóyè ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì!"

Àmọ̀dá mi orí. Tèmi nìyẹn, sàráà mi.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì! Bọ́kẹ́ẹ̀tì! Bọ́kẹ́ẹ̀tì!"

"Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ wà lókè," ni Àmọ̀dá ṣàlàyé fún Kàdírì. "Tèmi wà nísàlẹ̀."

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì! Bọ́kẹ́ẹ̀tì! Èyí ni ti Bọ̀ọ̀dá Àmọ̀dá, íǹkì ẹ̀ pọ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì! Bọ́kẹ́ẹ̀tì!"

Kàdírì bẹ̀rẹ̀ sí í wo pápánù bí ẹni tó ń wá ibi tó ń jò. Ìwé tó wà lórí tábìlì ń lọ sópin. Àmọ̀dá ti dìde, ó ti jókòó, ó ti tún dìde. Nígbà tó kù bí ìwé mélòó kan péré, Bíọ́lá ṣí ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi han Bàbá.

"Àga!"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀!" Àmọ̀dá fò sókè tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá pápánù. "Mo sọ fún yín! Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Ẹ máa wò ó!"

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì," ni Bíọ́lá wí. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó tán."

Ó ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ó ní kí wọ́n kà á láti ìsàlẹ̀. Wọ́n kà á láti ìsàlẹ̀. Ó gbé ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀, ó mì ín létí. Ìbò kan ṣoṣo náà kò bímọ.

"Mò ń lọ sí kóòtù!" ló pariwo.

"Lọ," ni Bàbá Ògúntóyè wí. "Ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa bi ẹ́ ni pé ta ni ìwọ alára dìbò fún."

Bó ṣe dé ilé, Àdìzát wojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Rauf, ṣé ìbò lẹ lọ dì àbí ilà lẹ lọ kọ?" Kò tíì dáhùn tí obìnrin náà ti lọ bu omi àti ọṣẹ wá. Ó ń fọ ojú fún un, kò sọ pé mo sọ fún yín, kò sọ nǹkan kan. Dídákẹ́ yẹn ló dun Àmọ̀dá jù. Omi lé ròrò sí i lójú, ó ní ọṣẹ ni.

"Ẹnì kan dìbò fún yín ṣá," ni Àdìzát wí níkẹyìn. "Ẹ wá onítọ̀hún rí. Ọ̀rẹ́ gidi nìyẹn."

Ìyẹn ló wá di iṣẹ́ tó le jù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò tíì wọ géètì tí Láwàlì ti kí i: "Àláájì Sẹ́ṣọ̀n! Ìbò kan yẹn, èmi ni o!"

"Láwàlì, o ò sí lára àwọn tó dìbò."

"Lọ́kàn, Àláájì. Lọ́kàn ni mo ti dì í."

Ó dé ìdí ẹ̀rọ, Kàdírì fà á mọ́ra. "Èmi ni, ọ̀rẹ́ mi. Má sọ fún wọn." Bí Kàdírì ṣe kúrò, Sirajudeen dé, ó búra. Bíọ́lá dé, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ní òun àti ọmọ inú òun ni. Kó tó di àkókò oúnjẹ, àwọn tó dìbò ẹyọ kan náà fún un ti tó kún bọ́ọ̀sì. Bó bá sì fẹ́ tú ẹnikẹ́ni nínú wọn wò, onítọ̀hún á na ìka sókè: "Ha! Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin!"

Ìdààmú bá a. Kò lè jẹun dáadáa. Ó máa dúró ti ẹ̀rọ, á máa wo ojú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa rò ó. Ó gbàgbé láti pe sẹ́ṣọ̀n fún odindi ọjọ́ kan, Máníjà bi wọ́n bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ruqoyah ní tirẹ̀, kò pariwo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó wọ ọ́fíìsì lọ bá Máníjà, ó ní kó jọ̀ọ́ kó bá òun gun ọ̀kadà dé Itele lẹ́ẹ̀kan péré, lọ àti bọ̀. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó gbà. Nígbà tó fi máa padà dé, bàtà rẹ̀ ọ̀tún ti di ti ẹrẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, kò tíì pààrọ̀ ṣòkòtò tó fi ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Kò pẹ́ sígbà náà ni bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ojú ọ̀nà.

Àmọ̀dá ní iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́ ní Itele nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ló bá bá wọn wọ bọ́ọ̀sì náà. Àyè kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀gbẹ́ Ruqoyah ni. Ó jókòó. Ọkọ̀ ń lọ. Ó húkọ́, ó húkọ́, ó wá tẹ orí sílẹ̀.

"Àǹtí Ruqoyah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Gbogbo èèyàn ilé iṣẹ́ yìí ló ní àwọn ló dìbò fún mi. Ẹ̀yin nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ruqoyah wo ojú fèrèsé. "Àmọ̀dá, fi sílẹ̀."

"Mi ò lè fi sílẹ̀. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Bẹ́ ẹ bá mọ onítọ̀hún, ẹ sọ fún mi, kí n lọ dúpẹ́."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́, o ò ní bínú?"

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Èmi ni."

Àmọ̀dá ya ẹnu sílẹ̀. Nǹkan kan yọ́ láyà rẹ̀ bí òrí tó rí oòrùn. Obìnrin tó bá a díje! Obìnrin tí gbogbo wọn tẹ̀ lé! Òun ló wo gbogbo ayé, tó sì wò ó pé Àmọ̀dá ló yẹ! Ó gbàgbé pé ìkọ̀kọ̀ ni ìbò. Ó dìde dúró láàárín bọ́ọ̀sì tó ń sáré, ó di irin mú.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin òpùrọ́! Kàdírì, yí ojú síbí! Sirajudeen! Ìbò mi, Alága fúnra rẹ̀ ló dì í! Òun tó mọ iṣẹ́, òun ló mọ ẹni tó lè ṣiṣẹ́!" Ó yí padà sí Ruqoyah, ojú rẹ̀ ń dán. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ ọ́ sókè. Kí lẹ rí lára mi tẹ́ ẹ fi dìbò fún mi?"

Gbogbo èrò bọ́ọ̀sì na etí. Awakọ̀ gan-an dẹ ẹsẹ̀ lórí iná.

"Mi ò rí nǹkan kan, Àmọ̀dá," ni Ruqoyah wí. "Mo gbàgbé awò ojú mi sílé lọ́jọ́ náà ni."